Ọyẹ́ Àkókó àti Fáànù Inú Kọ̀ǹpútà Alágbèéká

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Òwe yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ba ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mu bí ìgbà tí ó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á, pàápàá ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó, níbi tí eruku ti ń bá olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ du ẹ̀rọ tí wọ́n fi owó ńlá rà. Kókó àsọyé yìí kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé eruku tí ó bá dí ihò tí kọ̀ǹpútà fi ń mí lè pa ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀. Èkejì ni pé ẹni tí ó bá fi ìkánjú àti agbára lé eruku náà jáde lè pa ẹ̀rọ kan náà ní ìṣẹ́jú kan. Láàrin ikú díẹ̀díẹ̀ àti ikú òjijì yìí ni ọ̀nà tí ó tọ́ wà, ọ̀nà náà kò sì ṣòro í rìn.

Kí olùgbọ́ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀. Àkókó wà ní ìhà àríwá pátápátá ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó bá Ìpínlẹ̀ Kogí àti Ìpínlẹ̀ Ẹdó pààlà, ó sì wà níbi tí igbó ńlá ti ń parí, tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Òkè àti àpáta ni ó yí àwọn ìlú rẹ̀ ká. Láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ni Àkùngbá wà, níbi tí yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, èyí tí a ń pè ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin lónìí, ti fìdí kalẹ̀ ní 1999. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń gbé yàrá káàkiri agbègbè náà, tí kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní láptọ́ọ̀pù, sì jẹ́ ìwé, gègé, àti àpótí ìfìwépamọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni ọyẹ́ máa ń fẹ́. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn orísun eruku tí ó tóbi jù lọ ní gbogbo àgbáyé ni àfonífojì Bodélé ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan wà láyé àtijọ́ kí ó tó gbẹ. Ohun tí ó ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀ adágún náà ni afẹ́fẹ́ ń kó, tí ó ń gbé e kọjá ilẹ̀ Náíjíríà lọ sí etí òkun, àní títí dé òdì kejì òkun Àtìláńtíìkì. Eruku tí ó ti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iyanrìn tí ń gún ni lẹ́sẹ̀. Ó kúnná bí àtíkè. Àwọ̀n ojú fèrèsé kò lè dá a dúró. Ẹni tí ó bá nu tábìlì rẹ̀ ní òwúrọ̀ ní Ìkàrẹ́ nínú oṣù kìíní lè fi ìka kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí tábìlì kan náà kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn ará Ìlàjẹ tí wọ́n wà ní etí òkun nínú ìpínlẹ̀ kan náà a máa rí ọyẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkun a máa bá wọn lé e sẹ́yìn. Àkókó kò ní irú alábòójútó bẹ́ẹ̀.

Bí ọyẹ́ bá sì lọ, eruku kò tán. Eruku ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí wà níbẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti èéfín ìdáná wà níbẹ̀. Òwú wínníwínní tí ń bọ́ lára aṣọ ibùsùn náà wà níbẹ̀. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa mú kí gbogbo wọn so mọ́ ara wọn. Ohun tí ó jẹ́ àtíkè nígbà ọyẹ́ yóò wá di ohun tí ó nípọn bí àkísà.

Níbo ni àkísà yìí ń lọ? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà mí. Gbogbo ẹ̀rọ tí ń lo iná mọ̀nàmọ́ná ni ó ń mú ooru jáde. Nínú kọ̀ǹpútà, ibi tí ooru ti pọ̀ jù ni prosẹ́sọ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Ohun pẹlẹbẹ kékeré yìí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, iná tí ó ń jẹ wà láàrin watt 15 sí watt 45. Gbogbo iná náà ni ó ń di ooru nígbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ kan gílóòbù oníwatt 40 tí ó ń tàn yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí a bá wá fún irú ooru bẹ́ẹ̀ jọ sí ojú kan tí kò ju èékánná lọ, ó di dandan kí a wá ọ̀nà láti gbé e kúrò.

Páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Inú rẹ̀ ṣófo, ṣùgbọ́n omi ìwọ̀nba díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ prosẹ́sọ̀, omi náà yóò gbóná, yóò sì di oruku omi. Oruku náà yóò sáré lọ sí ìpẹ̀kun kejì tí ó tutù, níbẹ̀ ni yóò ti tún padà di omi, tí yóò sì ṣàn padà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí ń jẹ́ George Grover ṣe irú páìpù yìí ní Los Alamos ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1963, nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí yóò máa gbé ooru nínú àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí ojú òfuurufú. Lónìí, ó wà nínú àpò akẹ́kọ̀ọ́. Ní ìpẹ̀kun páìpù tí ó tutù ni wọ́n to àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké sí bí ìyarí, tí àlàfo àárín wọn há gádígádí. Fáànù wá ń fa atẹ́gùn tútù wọlé láti ihò abẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ń fẹ́ ẹ gba àárín eyín ìyarí náà jáde sí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn.

Àwọn alágbẹ̀dẹ mọ agbára afẹ́fẹ́ láti ìgbà láéláé. Ẹwìrì ni wọ́n fi ń fẹ́ iná kí irin lè pọ́n. Fáànù inú kọ̀ǹpútà ni a lè pè ní òdì kejì ẹwìrì, nítorí pé òun ń fẹ́ atẹ́gùn kí ohun tí ó gbóná lè tutù. Bí ẹnu ẹwìrì bá dí, iná alágbẹ̀dẹ yóò kú. Bí ẹnu fáànù bá dí, ooru kọ̀ǹpútà kò ní rí ibi gbà jáde. Ibi tí ó sì máa ń dí gan-an kò hàn sí ojú. Kì í ṣe ihò tí ó wà lábẹ́ nìkan. Àárín fáànù àti eyín ìyarí ni. Níbẹ̀ ni eruku, òwú àti irun orí ti ń kó jọ, tí wọ́n ń di àkísà kan tí ó bo ojú ìyarí pátá. Fáànù lè máa yí kíkankíkan, kí ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá, kí atẹ́gùn má sì kọjá rárá.

Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò lè gbá inú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ké sí olówó rẹ̀, bí olówó rẹ̀ bá mọ èdè tí ó ń sọ. Àmì kìíní ni ariwo fáànù tí kò dákẹ́ bí iṣẹ́ tí à ń ṣe kò tilẹ̀ ju ìwé títẹ̀ lọ. Èkejì ni kí ibi tí a ń tẹ lẹ́tà máa gbóná títí yóò fi ni ìka lára. Ẹ̀kẹta ni kí atẹ́gùn tí ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ gbóná gidigidi ṣùgbọ́n kí ó má lágbára, bí èémí ẹni tí àárẹ̀ mú. Ẹ̀kẹrin ni kí ẹ̀rọ máa fà bí ìgbín lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a ti tàn án. Ìkarùn-ún, tí ó burú jù, ni kí ó kú lójijì láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe ẹ̀mí àìrí ni ó ń ṣe èyí. Àwọn tí ó ṣe prosẹ́sọ̀ ti fi ààlà sí ooru tí ó lè gbà, nínú ọ̀pọ̀ wọn ààlà náà sì wà ní nǹkan bí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ooru bá súnmọ́ ibẹ̀, prosẹ́sọ̀ yóò dín ìyára ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Bí ooru bá tún ń gòkè, yóò pa ẹ̀rọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó rò pé kòkòrò àrùn kọ̀ǹpútà ni ó ń dà á láàmú, tàbí pé ẹ̀rọ òun ti gbó, ni ó jẹ́ pé eruku ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìfà ni ó jẹ́ ti eruku. Bí ẹ̀rọ bá tutù síbẹ̀ tí ó ń fà, ibòmíràn ni kí a wò. Bí fáànù kò bá yí rárá nígbà tí ẹ̀rọ gbóná gan-an, fáànù ni ó kú, gbígbọn eruku kò sì lè jí i.

Ohun tí ó wà nínú ewu ju ẹ̀rọ lọ. Kí olùgbọ́ ro ti akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹrin kan tí ó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀. Iná mọ̀nàmọ́ná dé ní aago mọ́kànlá òru, ó sì gbé ẹ̀rọ sórí ibùsùn kí ó lè ṣiṣẹ́ kí iná tó lọ. Ibùsùn dí ihò abẹ́ ẹ̀rọ. Eruku ti dí ìyarí inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní aago kan ẹ̀rọ kú. Gbogbo ojú ewé tí ó kọ láìfi pamọ́ bá a lọ. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ìpara tí ń gbé ooru láti ara prosẹ́sọ̀ sí ara páìpù bàbà yóò gbẹ, bátìrì yóò tètè gbó, àwọn ojú ìjópọ̀ irin inú ẹ̀rọ yóò sì máa rẹ̀. Nígbà tí pátákó ńlá inú ẹ̀rọ bá jóná tán, owó tí a ó fi tún un ṣe a máa súnmọ́ owó ẹ̀rọ mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé ẹ̀kọ́ girama pẹ̀lú, nítorí pé láti 2015 ni ìdánwò JAMB ti di èyí tí a ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ọmọ tí ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti kú kí ó tó kọ́ bí a ti ń lò ó yóò jókòó sí ìdánwò pẹ̀lú ẹ̀rù.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ìkánjú a máa mú ènìyàn. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Àwọn kan a máa fi ẹnu fẹ́ ihò náà. Itọ́ a máa bá èémí jáde, omi inú èémí a sì máa so eruku mọ́ irin. Àwọn mìíràn a máa gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ fọganáísà kí ó fi ẹ̀rọ ìfẹ́táyà bá wọn fẹ́ ẹ. Lóòótọ́, bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fọganáísà kì í ṣe òòbẹ̀ tí ó yẹ ẹbọ yìí. Agbára atẹ́gùn rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí fáànù kékeré lè fara dà lọ, omi tí ń gbára jọ nínú táǹkì rẹ̀ àti òróró ẹ̀rọ rẹ̀ a sì máa bá atẹ́gùn náà jáde. Àwọn kan a máa ki ìgbálẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́ bọ ihò. Abẹ́rẹ́ lè ṣẹ́ abẹ fáànù tàbí kí ó ya wáyà. Àwọn kan a máa fi aṣọ tútù nu ihò, omi a sì kán sínú. Àwọn tí ó ní ẹ̀rọ tí ń fa eruku ilé a máa gbé ẹnu rẹ̀ sí ara ẹ̀rọ tí a ti ṣí, láìmọ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa kó iná mọ̀nàmọ́ná jọ sí ẹnu ara rẹ̀.

Iná tí ń kó jọ yìí yẹ fún àlàyé, nítorí pé ọyẹ́ ni ọ̀gá rẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a máa gbẹ. Ẹni tí ó bá bọ́ aṣọ ọ̀rá nínú òkùnkùn ní òru ọyẹ́ yóò gbọ́ kí ó máa ta pàrà-pàrà, ó sì lè rí ìtàná kéékèèké. Iná mọ̀nàmọ́ná ni, ara ènìyàn ni ó kó jọ sí. Irú iná yìí a máa tó nǹkan bí volt 3,000 kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ohun tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì lè ba àwọn ohun tín-tìn-tín inú kọ̀ǹpútà jẹ́ láìsí pé ẹni tí ó fọwọ́ kàn án mọ̀. Nípa báyìí, àsìkò tí eruku pọ̀ jù ní Àkókó náà ni àsìkò tí ó léwu jù láti fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ láìṣọ́ra. Ìdí nìyí tí ẹ̀sọ̀ fi ṣe pàtàkì ju agbára lọ.

Kí ni ọ̀nà tí ó tọ́? Ohun àkọ́kọ́ ni kí a ṣe àdàkọ gbogbo iṣẹ́ pàtàkì sórí fúláàṣì tàbí ibòmíràn kí ọwọ́ tó kan ẹ̀rọ. Lẹ́yìn èyí, kí a pa ẹ̀rọ náà pátápátá. Kì í ṣe kí a kàn pa ìdérí rẹ̀ dé kí ó sùn. Kí a yọ ṣájà, kí a yọ fúláàṣì àti gbogbo ohun tí ó so mọ́ ọn, kí a sì yọ bátìrì bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a lè yọ láti ìta. Kí a fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Kí a wá gbé e síta tàbí sí ẹ̀bá fèrèsé, sórí tábìlì tí ó mọ́, kí eruku tí ó bá jáde má baà padà wọlé tàbí kí ó wọ imú ẹni. Ẹni tí èémí rẹ̀ kì í já gaara kí ó fi aṣọ bo imú.

Kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà fọwọ́ kan irin ńlá kan tí ó kanlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí irin ojú fèrèsé, kí iná tí ó wà lára rẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Kí ó má jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, kí ó má sì wọ aṣọ ọ̀rá. Kí ó mú búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀, tí ó gbẹ, tí a kò fi kun nǹkan rí, kí ó fi gbá ojú ihò abẹ́ àti ti ẹ̀gbẹ́, kí ó máa gbá a síta, kì í ṣe sínú.

Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn kàn. Èyí tí ó dára ni agolo atẹ́gùn tí a ṣe fún ẹ̀rọ. Kí agolo náà wà ní ìdúró ṣánṣán. Bí a bá dojú rẹ̀ kodò tàbí tí a gbọ̀n ọ́n, ohun olómi tí ó tutù púpọ̀ ni yóò tú jáde, èyí tí ó lè jó ènìyàn lára bí iná tí ó sì lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Nǹkan inú ọ̀pọ̀ irú agolo bẹ́ẹ̀ lè gbiná, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí ààrò, àbẹ́là tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Bí a kò bá rí agolo, rọ́bà onígbọ̀ngbọ̀n kékeré tí a fi ọwọ́ tẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń fa imú ọmọ ọwọ́, yóò ṣe é, bí ó bá jẹ́ tuntun tí inú rẹ̀ sì gbẹ; òun gan-an ni òòbẹ̀ tí ó lè rọ́pò àdán. Ìfẹ́ kúkúrú kúkúrú ni kí ó jẹ́, bí ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì, láti ìwọ̀n ìbú ìka mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kí a fẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, kí a sinmi, kí a tún fẹ́ ẹ.

Níbi tí a bá ti rí abẹ fáànù láti ìta, kí a rọra fi igi ìtayín dá a dúró kí ó má lè yí nígbà tí a bá ń fẹ́ ẹ. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé ohun tí a dá láti máa yí ni a ń dá dúró. Ìdí rẹ̀ ni pé atẹ́gùn àtìta lè mú kí ó yí ju ìwọ̀n tí ìdí rẹ̀ lè gbà lọ, ìdí náà a sì jẹ. Lẹ́yìn èyí, fáànù yóò máa kùn títí yóò fi kú. Bí iṣẹ́ bá parí, kí a dúró fún ìgbà díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ gbẹ, kí a tó tàn án. Kí a gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Bí atẹ́gùn bá ti lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí ariwo sì ti rọlẹ̀, iṣẹ́ ti yọrí.

Bí kò bá sí ìyàtọ̀ ńkọ́? Ó túmọ̀ sí pé àkísà ti lẹ̀ mọ́ ojú ìyarí nínú lọ́hùn-ún, gbígbọn àtìta kò sì lè kó o. A ní láti ṣí ẹ̀rọ. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èrò àwọn ènìyàn ti pín sí méjì. Àwọn kan ní kí onílé má fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó gbé gbogbo rẹ̀ fún oníṣẹ́. Àwọn kejì ní kí olúkúlùkù ra skúdíráfà kí ó ṣí tirẹ̀. Ìdí wà nínú ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n orí nọ́ọ̀tì ni ó yẹ kí ààlà wà. Ohun tí ó wà lẹ́yìn nọ́ọ̀tì, tí a lè ṣe láìtú ohunkóhun, iṣẹ́ olówó ẹ̀rọ ni, kò sì yẹ kí ó sanwó fún un. Ohun tí ó wà nínú nọ́ọ̀tì, iṣẹ́ ẹni tí ó kọ́ ọ ni. Oníṣẹ́ náà mọ̀ pé okùn bátìrì ni a kọ́kọ́ ń yọ, pé àwọn nọ́ọ̀tì kò gùn bákan náà, àti pé bí a bá gbé páìpù bàbà kúrò lórí prosẹ́sọ̀, a gbọ́dọ̀ fi ọtí isopropyl nu ìpara àtijọ́ kúrò kí a sì fi tuntun sí i. Ẹni tí ó bá gbé e padà láìfi ìpara sí i ti pa ẹ̀rọ náà ní apá.

Kí olówó ẹ̀rọ má ṣe gbé e fún oníṣẹ́ kí ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ẹ̀tọ́ láti dúró wò ó. Ó lè béèrè bóyá oníṣẹ́ yóò yọ okùn bátìrì, bóyá yóò di fáànù mú bí ó bá ń lo ẹ̀rọ ìfẹ́tẹ́gùn rẹ̀, àti bóyá yóò fi ìpara tuntun sí i. Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó dá ọwọ́ gbogbo ènìyàn dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìyẹn ni bátìrì tí ó wú. Bí abẹ́ ẹ̀rọ bá yọ gọngọ tàbí tí ibi tí a ń fìka rìn lójú rẹ̀ bá ga sókè, kí a pa ẹ̀rọ, kí a má fi ṣájà sí i mọ́, kí a má tẹ̀ ẹ́, kí a má gún un. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbiná. Eruku kò tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́ níbẹ̀; kí a gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ bí a ti ń yọ ọ́.

Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìdènà rọrùn ju ìtọ́jú lọ. Orí tábìlì ni àyè láptọ́ọ̀pù, kì í ṣe orí ibùsùn, kì í sì ṣe orí itan tí a fi aṣọ bò. Bí kò bá sí tábìlì, pátákó pẹlẹbẹ kan tó. Kí ẹ̀rọ má wà ní títàn nígbà tí a bá ń gbá ilẹ̀. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, èyí tí yóò gba ẹ̀mí ènìyàn là kí ó tó gba ti ẹ̀rọ, nítorí pé èéfín rẹ̀ a máa pani. Bí iṣẹ́ bá parí tí ẹ̀rọ sì ti tutù, kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó tàbí kí a fi í sínú àpò rẹ̀. Kí a má bò ó nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́.

Àwọn àgbẹ̀ Àkókó ní àṣà kan tí ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ yá lò. Kí ọyẹ́ tó le, olóko kòkó a máa ro etí oko rẹ̀ yí ká kí iná igbó má baà wọlé. Kì í dúró kí ó rí èéfín kí ó tó mú àdá. Bákan náà ni ó yẹ kí àwọn olùkọ́ tí ń ṣe àbójútó yàrá kọ̀ǹpútà fi ọjọ́ kan sílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá àti ọjọ́ mìíràn ní oṣù kẹrin, èyí tí ó ṣáájú ọyẹ́ àti èyí tí ó tẹ̀lé e, láti gbọn eruku gbogbo ẹ̀rọ, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé. Ẹ̀rọ tí ó ti kú, tí a ti yọ bátìrì rẹ̀, kò sì yẹ kí a sọ nù kíákíá. Òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ bí a ti ń tú nọ́ọ̀tì, bí a ti ń mọ fáànù, àti bí àkísà eruku ti ń rí. Ẹni tí ó bá ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó bo ojú ìyarí nínú ẹ̀rọ òkú kò ní gbé ti òun sórí ibùsùn mọ́.

Owó tí ó ń wọlé fún òbí tí ó ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọ ní Ọ̀kà tàbí Ìkàrẹ́ kì í ṣe owó ẹ̀ẹ̀rún. Ọ̀pọ̀ ni ó ta kòkó tàbí iṣu, tí ó dá èsúsú, kí ó tó lè rà á. Kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún ọyẹ́ kí ó má fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ eruku Bodélé. Ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀, rọ́bà ìfẹ́tẹ́gùn kan, igi ìtayín kan àti ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kò ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ kankan lọ. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ ni sùúrù, sùúrù náà kì í sì í ṣe ohun tí a ń rà lọ́jà.